Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, báwo ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́, ṣe dé British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù?

Èsì: Ọmọ mi, wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924, ó sì wu àwọn òyìnbó British Museum tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú wọn pààrọ̀ rẹ̀.

Èsì: Ẹ ṣeun, bàbá. Ó dùn mí pé fọ́tò kì í fi iṣẹ́ náà hàn dáadáa, nítorí àwọn ère ara rẹ̀ yọ síta gan-an: Ògògà jókòó tadétadé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bọ̀.

Èsì: Òpó ààfin yẹn kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí olorì ti ga ju ọba lọ.