Ìmúfúyẹ́ tàbí ìmújọ̀lọ̀: orúkọ wo ni ó yẹ àtúnṣe irin ìfà nínú rìfọ́fà?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìbọn dábàá pé kí a máa pe àtúnṣe tí ń mú irin ìfà (irin tí a ń fà kí ìbọn lè dún) rọrùn fún ìka ní "ìmúfúyẹ́ fífà", kí "ìgbẹ́kẹ̀lé" dúró fún pé ìbọn kì í kọ̀ láti dún, kí "ọta olóruka" sì jẹ́ orúkọ ọta kékeré irú .22 Long Rifle. Mo fara mọ́ "rìfọ́fà" tí ó yá lò fún ìbọn ọwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yípo, nítorí pé "ìbọn alágbá" tí àwọn kan fẹ́ yóò forí gbárí pẹ̀lú àgbá tí a mọ̀ sí ìbọn ogun ńlá. Àwọn mẹ́ta yòókù ni mo fẹ́ kí a tún yẹ̀ wò.

Ọta .22 yìí kò ní fìlà iná (ife kékeré tí èròjà agbaná wà nínú rẹ̀) ní àárín ìdí rẹ̀. Inú ètí tí ó yí ìdí rẹ̀ ká ni èròjà tí ń gbaná wà, òòlù ìbọn, irin tí ń gbá ìdí ọta, sì gbọ́dọ̀ tẹ ètí idẹ náà wọlé kí iná tó lè ràn mọ́ ẹ̀tù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú rìfọ́fà Model 1 tí Smith & Wesson gbé jáde ní ọdún 1857, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí títí di òní. "Olóruka" kò sọ èyí rárá, nítorí pé ọta .38 Special náà ní ètí tí ó yọ síta bí òrùka, síbẹ̀ àárín ìdí rẹ̀ ni ó ti ń gbaná. "Ọta agbaná-létí" àti "ọta agbaná-láàárín" ni ó tọ́ kí a lò.

Ọ̀rọ̀ fífà ni ó ká mi lára jù. Nínú ọ̀pọ̀ rìfọ́fà òde òní, bí a kò bá kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò fa òòlù sẹ́yìn, irin ìfà nìkan ni yóò yí ilé ọta, tí yóò gbé òòlù, tí yóò sì tú u sílẹ̀. Agbára tí èyí ń gbà lè tó ìwọ̀n kìlógíráàmù 5. Apá kan nínú rẹ̀ ń lọ sí títẹ sípíríǹgì, apá kejì ń lọ sí irin tí ó ń ha irin. "Ìmúfúyẹ́" kò ya apá méjèèjì sọ́tọ̀, ẹni tí ó bá sì kà á yóò kọjú sí sípíríǹgì, yóò dín agbára rẹ̀ kù, òòlù yóò wá máa bà lé ètí ọta láìtẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọta yóò sì máa kọ̀. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé ó ń dán ojú irin tí ó ń fara kan ara wọn láìyí igun wọn padà, kí fífà lè lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ìmújọ̀lọ̀ fífà" ni èyí. Bí ó bá fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, èrè iṣẹ́ ni, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́.

Ní ti "ìgbẹ́kẹ̀lé", ọkàn ẹni tí ó mú ìbọn lọ́wọ́ ni ó ń gbé. Ènìyàn sì lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí yóò já a kulẹ̀. "Àìjánikulẹ̀" jẹ́ ti ìbọn fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí ó ní àyè tirẹ̀, nítorí pé kì í ṣe àtúnṣe irin ìfà nìkan ni ó lè mú kí ọta kọ̀. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú ihò tí ọta ń wọ̀ nínú ilé ọta, ọta kò ní wọlé tán, òòlù yóò sì fi lára agbára rẹ̀ tì í wọlé. Ọta tí ó kọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ó sì dún nígbà kejì sábà máa ń tọ́ka sí èyí, fífọ ihò ọta ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú.

Mo tún fẹ́ kí a fi "apẹ́gbaná" kún un, fún ọta tí ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dún. Lójú ẹni tí ó fa ìbọn, kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọta tí ó kọ̀ pátápátá, nítorí náà ni a ṣe ń kọjú ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó kéré tán, kí a tó ṣí ilé ọta. Kí "kíkọ̀" àti "apẹ́gbaná" wà ní ojú ewé kan náà nínú àkójọ náà, kí ẹni tí ó bá wá ọ̀kan lè rí èkejì.