Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irú ìwé wo ni kí n rà sí yàrá ìkàwé àdúgbò wa?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé inú ẹgbẹ́ yìí. Láti ọjọ́ ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa tó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó yàrá ìkàwé tí a ṣí sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìpàdé wa ní Òkè-Àró. Mo ra ìwé, mo kan kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi gíláàsì síwájú rẹ̀ kí eruku má baà wọlé, nígbà tí owó ẹgbẹ́ sì tán, owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi san ti káfíńtà. Kàkà kí wọ́n dúpẹ́, ṣe ni alága dìde láàárín èrò, tó ní ẹyọ ẹnì kan kò ka ìwé tí mo rà, pé owó àdúgbò ti ṣègbé. Akápò sì rẹ́rìn-ín, akápò tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ fi rí iṣẹ́!

Ẹni tó ta ìwé fún mi kò tún ràn mí lọ́wọ́, nítorí páálí tí ó ti dì pa ló gbé fún mi. Nígbà tí a tú u nílé, ìwé ìṣirò owó àtijọ́ àti ìwé ìdánwò ló pọ̀ jù níbẹ̀, òjò sì ti pa àwọn kan débi pé ojú ìwé wọn lẹ̀ mọ́ra. Àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí ń bẹ ní òdìkejì títì náà kò jẹ́ kí n rímú mí, ojoojúmọ́ ni mò ń nu àmì ọwọ́ olóròóró kúrò lára gíláàsì mi.

Ẹgbẹ́ ní àwọn yóò tún fún mi lówó, wọ́n sì ní ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. Irú ìwé wo ni kí n rà, ìtàn àròsọ àti èyí tí kì í ṣe àròsọ, tí gbogbo ènìyàn yóò fẹ́ láti kà?

Ọmọ Òkè-Igbó:
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tún ń béèrè irú ìwé tí yóò rà? Ìlú wa ni wọ́n bí D. O. Fágúnwà sí ní ọdún 1903, *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí ó tẹ̀ jáde ní 1938 ni gbogbo ìtàn àròsọ Yorùbá ìgbàlódé sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹ ra ìtàn àròsọ rẹ̀ márààrún, títí dé *Àdììtú Olódùmarè*. Bí a bá ti oko kòkó dé, bàbá mi a máa ka ìrìn Àkàràògùn sókè fún wa, àwọn aládùúgbò tí kò mọ̀wé a sì gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà wa láti gbọ́. Kò sí ìwé mìíràn tí mo tún mọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìjọ, Oǹdó:
Mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi irúnmalẹ̀ síwájú àwọn ọmọ wa. Ìwé tí ń kọ́ni ní ìwà rere ni kí ẹ rà, Bàbá.

Olùkọ́ Èdè:
Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ǹjẹ́ ẹ ti ka ìwé náà rí? Olùkọ́ àti onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ìwàásù àti ẹ̀kọ́ ìwà rere sì pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ débi pé òun gan-an ni àwọn ọmọ mìíràn máa ń fò kọjá kí wọ́n lè tètè dé ibi ìjà.

Ohun tí mo fẹ́ kí Bàbá rò yàtọ̀ sí èyí. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ẹni tí kò tíì ka ìwé láti ìgbà tó ti kúrò níléèwé lè má rí i kà dópin. *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 àti *Àgbàlagbà Akàn* tó tẹ̀ lé e ní 1971 ni kí ẹ fi fà á mọ́ra, nítorí bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ Lápàdé lẹ́yìn níbi tó ti ń lépa àwọn ọ̀daràn, kò ní fẹ́ gbé ìwé sílẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Kọ́lá Akínlàdé kọ náà wà níbẹ̀. Ẹ fi *Ó Le Kú* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1974, kún un, nítorí àwọn tó ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe yóò fẹ́ mọ bí ìwé náà ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ẹni tí yóò kà wọ́n. Ọmọdé ni àbí àgbà? Èdè wo ni wọ́n ń kà? Èló sì ni owó náà?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Àkúrẹ́:
Gbogbo ènìyàn ni yóò kà á, Olùkọ́. Ní ti ìtàn ọ̀daràn, mi ò rò pé ó yẹ yàrá tí àgbà bíi tèmi ń bójú tó. Ìwé tí ó ní láárí ni mo fẹ́. Ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ni mo kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, ẹ̀dà tèmi láti ilé ni, kò sì sí ẹni tó tíì béèrè rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká:
Ẹ̀yin Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún Johnson. Ọdún 1897 ló parí iṣẹ́ náà, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tó fi tún un kọ, kí ó tó di títẹ̀ ní 1921. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì lé ní 600 ojú ìwé. Ta ni yóò ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́ tí yóò gbé e? Eré *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* tí Ìṣọ̀lá kọ yóò fa ènìyàn wọnú ìtàn Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ kan péré. Òun náà ló tú *Aké*, ìtàn ìgbà èwe Wọlé Ṣóyínká, sí Yorùbá, ìyẹn sì jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé tí kì í ṣe àròsọ.

Ẹ má gbàgbé ìwé tí ènìyàn lè fi ṣe nǹkan. Níbi iṣẹ́ mi, ìwé kékeré aláwòrán lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó kọ́kọ́ gbó lórí tábìlì àwọn tó ń dúró de dókítà, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ọwọ́ sì ti sọ igun ojú ìwé rẹ̀ di dúdú. Ẹ ra òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 pẹ̀lú. Ẹ ó rí i bí àwọn ayálégbé yóò ṣe máa ṣí orí kẹrin rẹ̀, níbi tí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà.

Agbẹ̀ Kòkó, Ìdànrè:
Fágúnwà ni tèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọtọ́ kí ẹ tó sanwó o, nítorí àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ṣì ń kọ “aiye” àti “enia”, àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì máa ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ẹ tún ra *Aláwìíyé* ti J. F. Ọdúnjọ fún àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé kíkà, bí ojú kò bá tì wọ́n láti mú un.

Ìyá Ìjọ, Oǹdó:
Ṣé Olùkọ́ Èdè rò pé mi ò kàwé ni? Mo ka *Igbó Olódùmarè* ní kíláàsì kẹta, ẹ̀rù sì bà mí fún oṣù mélòó kan.

Olùkọ́ Èdè:
Ìwé tó bà yín lẹ́rù tí ẹ sì rántí títí di òní yìí kò lè jẹ́ ìwé burúkú, Mà.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká:
Ẹ jẹ́ kí n bi Bàbá ní nǹkan kan. Kí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ yẹn ń wá lára gíláàsì?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Àkúrẹ́:
Wọ́n máa ń na ìka sí ẹ̀yìn ìwé, wọ́n á máa ka orúkọ rẹ̀ sókè, wọ́n á sì máa bá ara wọn jiyàn. Fágúnwà márààrún tí ẹ ń pariwo lé lórí wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ilé mi náà ni, ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí jù. Mi ò mọ ìdí tí wọn kò fi tẹ̀ lé ètò. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé yóò kọ lẹ́tà sí mi, onílé kan yóò fọwọ́ sí i pé òun ṣe onídùúró, yóò sì mú un wá ní ọjọ́ Sátidé láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí mo ṣe bójú tó fáìlì fún gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba nìyẹn, kò sí fáìlì kan tó sọnù lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ Èdè:
Bàbá! Gbogbo wa ti ń dárúkọ ìwé láti àárọ̀, ẹ kò sì sọ èyí fún wa?

Ọmọ Òkè-Igbó:
Ta ni yóò ṣe onídùúró fún ọmọ iṣẹ́ nítorí pé ó fẹ́ ka ìtàn ọdẹ? Ọjọ́ Sátidé gan-an ni àwọn oníbàárà sì máa ń rọ́ dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

Agbẹ̀ Kòkó, Ìdànrè:
Ẹ má bú Bàbá jù. A yá ènìyàn ní *Ìrèké Oníbùdó* kan lábúlé wa, ó ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, títí di òní a kò rí i mọ́.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká:
Ẹ̀yin Agbẹ̀, wọ́n ń kà á ni kò jẹ́ kí ó padà. Bàbá, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún télọ̀ yẹn, kí ẹ so ìwé ìkọ̀wé kan mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá mú ìwé kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Ìwé tuntun kò tíì kàn.

Ìyá Ìjọ, Oǹdó:
Mo fara mọ́ Nọ́ọ̀sì lórí èyí. Àní ti irúnmalẹ̀ náà, ẹ ṣí i fún wọn.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Àkúrẹ́:
Télọ̀ kì í ṣe onílé, òfin ẹgbẹ́ kò fàyè gba ayálégbé láti mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn. N ó gbé e yẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ dárúkọ Òkédìjí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé alága fẹ́ràn ìtàn ọ̀daràn. Níbo ni mo ti lè rí *Àgbàlagbà Akàn* rà ní Àkúrẹ́?

Nọ́ọ̀sì Alágbàká:
Ẹ̀dà méjì wà lọ́wọ́ mi, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, ibẹ̀ ni n ó gbé wọn sí.