Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló pa iṣẹ́ ọnà nínú ìjọ?

Ọmọ Ìta Fájì:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Holy Cross, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kátólíìkì ní ìsàlẹ̀ Èkó. Ère Màríà Wúńdíá wà níbẹ̀, àwòrán ìrìnàjò àgbélébùú sì yí ògiri ká. Áńgílíkà ni èmi; ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èbúté-Mẹ́ta, àgbélébùú orí pẹpẹ àti òkúta ìrántí àwọn olóògbé lára ògiri ni ènìyàn máa rí, ó parí. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa sọ pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló pa iṣẹ́ ọnà nígbà tí ìjọ pín, pé àwọn Kátólíìkì ló jí i dìde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí?

Akọ̀wé Yàbá:
Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹni náà sọ fún yín. Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó dá ìyapa náà sílẹ̀ nígbà tó gbé àríyànjiyàn 95 rẹ̀ jáde ní Wittenberg ní 1517, kò bá àwòrán jà. Nígbà tí àwọn kan ń fọ́ ère nílùú náà, ó jáde kúrò níbi tó fara pamọ́ sí ní 1522, ó sì fi ìwàásù dá wọn lẹ́kun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Lucas Cranach ayàwòrán, tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà títí di òní. Zwingli, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Zürich ní Switzerland, ni tirẹ̀ le: ní 1524 wọ́n kó gbogbo ère jáde, dùùrù pàápàá kò sì rí ẹni tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé ọba Edward Kẹfà (1547 sí 1553), wọ́n fi ẹfun kun àwòrán ara ògiri pa. Inú ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nárì, ti jáde ní 1799, àwọn ló sì mú Áńgílíkà wá bá wa, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yín yà yín lẹ́nu.

Àwọn Kátólíìkì ní tiwọn ṣe àpérò ní Trent láti 1545 sí 1563, wọ́n sì fẹnu kò pé àwòrán àti ère yóò máa wà, ṣùgbọ́n pé ẹni tí wọ́n dúró fún ni ọ̀wọ̀ náà ń lọ bá, kì í ṣe igi tàbí ọ̀dà. Ẹ wo ìlú Antwerp ní Belgium. Ní 1566, àwọn èrò Pùròtẹ́sítáǹtì ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kátólíìkì ibẹ̀, wọ́n sì run ohun tó wà nínú rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà ni Rubens, ayàwòrán Kátólíìkì, ya àwòrán sí láàárín 1612 sí 1614, níbi tí wọ́n ti ń sọ òkú Jésù kalẹ̀ lórí igi: orí aṣọ funfun ni ara rẹ̀ ti ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀, ọkùnrin kan lókè àkàbà sì fi eyín di etí aṣọ náà mú nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè. Lójú tèmi, ìjà yẹn gan-an ló bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Akọrin:
Ẹ má gbàgbé orin o. Lọ́dọ̀ àwa Pùròtẹ́sítáǹtì, ọnà kúrò lójú, ó bọ́ sí etí. Luther fúnra rẹ̀ kọ orin ní èdè Jámánì kí gbogbo ìjọ lè jọ máa kọ ọ́. Ní Marina níbí, Thomas Ekundayo Phillips ló wà nídìí dùùrù Cathedral Church of Christ láti 1914 di 1962. Ó rí i pé ohùn orin Òyìnbó máa ń ba ìró ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́, ó wá ń ṣe orin tó bá ìlọsókè-sódò ohùn wa mu. Ta ló wá sọ pé a pa iṣẹ́ ọnà?

Ọmọ Ìta Fájì:
Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ère Òyìnbó ni mo rí ní Holy Cross. Ṣé àwọn Fádà kò fi ọwọ́ kan ti Yorùbá rárá ni?

Akọ̀wé Yàbá:
Wọ́n fi kàn án, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Àwọn míṣọ́nárì, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì, ti kọ́kọ́ sọ ọ̀pọ̀ ère wa di ohun ìtìjú. Ọdún 1947 ni Fádà Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Kátólíìkì, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tó sì wà títí di 1954. George Bándélé, ọmọ Àreógún agbẹ́gilére, gbẹ́ àwọn amòye tó wá kí Jésù jòjòló, ó sì ṣe wọ́n bí ọba Yorùbá. Mùsùlùmí ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún, ọ̀dọ̀ Bándélé níbẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ ìjọ kan kò fẹ́ ètò náà rárá, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ló ń padà bọ̀, àríyànjiyàn Zürich sì tún bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn Kátólíìkì fúnra wọn. Bí ẹ bá dé Ìbàdàn, ẹ yà sí ilé ìjọsìn Kátólíìkì tó wà ní yunifásítì. Ilẹ̀kùn rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Fákẹ́yẹ ni.