Àwọ̀ CV026 parẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bakitéríà inú òkun: ṣé ẹ́ńsáìmù ni àbí pH?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa bakitéríà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo ń wá bakitéríà inú òkun tó lè ba kẹ́míkà AHL jẹ́, èyí tí àwọn bakitéríà mìíràn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Chromobacterium violaceum CV026 ni mo fi ń dán an wò: kò lè ṣe AHL fúnra rẹ̀, àmọ́ tó bá ti rí i gbà, á di elésè àlùkò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tèmi, àwọ̀ yẹn parẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ CV026 ṣì hù dáadáa níbẹ̀. Kò pa á nìyẹn.

Inú mi ti ń dùn kí n tó wọn pH ibẹ̀ (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì sí): ó ti kọjá 8! Ní irú pH bẹ́ẹ̀, òrùka lactone tó wà lára AHL máa ń ṣí fúnra rẹ̀, AHL náà kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Òrùka yìí kan náà ni ẹ́ńsáìmù lactonase ń ṣí. Tí mo bá fi ásíìdì sí i tí òrùka náà padà pa dé, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń jẹ́ acylase, torí ìrù AHL ni ìyẹn ń gé kúrò. Ṣùgbọ́n kò yanjú ti lactonase àti pH.

Mo fẹ́ lo omi tí mo sẹ́ kúrò lára bakitéríà náà nínú bọ́fà (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí padà) pH 6.5, kí n se díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ́ńsáìmù ibẹ̀ lè bàjẹ́, fún àfiwé. Ṣé ìyẹn tó? Iyọ̀ wo lẹ sì ń lò? Tèmi kì í hù láìsí iyọ̀, CV026 kò sì fẹ́ iyọ̀ púpọ̀.