Ṣé kí n da kóòdù yìí nù kí n tún un kọ, àbí kí n fiṣẹ́ sílẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àpáta:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ó ti wà nínú mi tipẹ́ ni. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Bódìjà níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn, àwa mẹ́ta péré la ń kọ kóòdù. Áàpù àjọ là ń ṣe. Dípò kí alájọ máa gbé káàdì kiri ọjà, àwọn ìyálọ́jà á fi fóònù dá owó tiwọn, wọ́n á sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ó ti wọlé. Iṣẹ́ gidi ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, kẹ́ ẹ mọ ìyẹn kí n tó máa ráhùn.

Ẹni tó kọ áàpù yìí ti jápa kí n tó débẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ò sí, ẹyọ kan ò sí. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ju ìlà 4,000 lọ, gbogbo nǹkan ló wà nínú ẹ̀, owó tó wọlé, owó tó jáde, SMS, rìsíìtì, owó ti alájọ fúnra ẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ kan SMS báyìí, rìsíìtì á dákẹ́. Ibì kan wà tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ má yọ ìlà yìí o, mi ò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́". Ohun tí ìlà yẹn ń ṣe ò ju pé kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó fowó ránṣẹ́. Ọdún kan ààbọ̀ rèé, èmi náà ò tíì lè yọ ọ́.

Ọ̀gá wa, èèyàn dáadáa ni, kò jẹ wá lówó oṣù rí. Àmọ́ kò kọ kóòdù rí, gbogbo nǹkan ló máa ń kéré lójú ẹ̀. "Bá mi fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀, nǹkan kékeré ni, kó ti wà níbẹ̀ tó bá fi máa di ọjọ́ Jímọ̀." Bọ́tìnnì lojú ẹ̀ tó, kò rí nǹkan tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tí n bá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni, á ní ṣé ilé ni mo fẹ́ kọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ wá dé ojú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá ti fẹ́ lù, fóònù mi dún, ọ̀gá ni. Ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà fẹ́ dá ₦5,000, nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, nǹkan kàn ń yí lójú fóònù, ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yọ owó ẹ̀ sínú àjọ, ₦15,000, àjọ sì rèé, kò ṣeé kó títí oṣù á fi parí. Owó tó fẹ́ fi ra ata láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló há síbẹ̀ yẹn. Wọn ò tíì mú iná wá ládùúgbò wa láti àárọ̀, láàpútọ́ọ̀pù mi ku 18%. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, mo fi dátà fóònù wọ sáfà, kọ̀ǹpútà tí áàpù wa ń bá ṣiṣẹ́, mo ń ka log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ní ìlà ní ìlà. Mo rí i. Ẹni kan náà, iye kan náà, ìṣẹ́jú àáyá 9 ló wà láàárín èkíní àti èkejì. Kóòdù ò tiẹ̀ bèèrè bóyá òun ti gba eléyìí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá sáà ti tẹ̀ ẹ́ ó ti gbà nìyẹn. Ọwọ́ ni mo fi dá owó ìyá yẹn padà nínú dátábéèsì, níbi tí àkọsílẹ̀ owó gbogbo wọn wà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí tí n bá gbàgbé WHERE pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ẹni tí àtúnṣe náà kàn, owó gbogbo ọjà ló máa yí padà. Ó ti kọjá aago méjì òru kí n tó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé bọ́tìnnì ńkọ́.

Mo sọ fún un pé kó fún mi lóṣù mẹ́ta kí n da gbogbo ẹ̀ nù kí n tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní rárá, pé òun á gba ọmọ IT méjì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, kún wa kó lè yá. Ìyàwó mi ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa tún un kọ lóru láìsọ fẹ́nì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

Bàbá Sáfà:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́, ẹ kú orí ire tówó ìyá yẹn ò fi sọnù. Ọdún kejìdínlógún mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo máa sọ lè má dùn létí ẹ. Má dà á nù.

Fáìlì tó ò ń wò pé ó burú yẹn, ọ̀pọ̀ nínú ìlà tó wà níbẹ̀, ẹjọ́ kan tẹ́nì kan wá fi sùn ló bí i. Ẹnì kan ní rìsíìtì òun ò wọlé, wọ́n fi ìlà mẹ́rin kún un. Báńkì kan ń pẹ́ kó tó dáhùn, wọ́n ní kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Tó o bá da gbogbo ẹ̀ nù, gbogbo ẹjọ́ yẹn lo máa tún gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyálọ́jà kan náà ló sì máa wá rò ó fún ẹ. Netscape ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, ní 1998 wọ́n pinnu pé àwọn máa tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni Netscape 6 tó jáde, ó tún wá jáde pẹ̀lú àṣìṣe rẹpẹtẹ. Kó tó jáde, Internet Explorer ti Microsoft ti gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìwọ náà wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Iná jó o ní 1985, wọn ò torí ẹ̀ wó o palẹ̀, wọ́n tún un ṣe ni. Yàrá kan lẹ́ẹ̀kan ni kó o mú. Yàrá tówó wà ni kó o kọ́kọ́ wọ̀.

Ti ọmọ IT méjì yẹn, sọ fún ọ̀gá ẹ pé iṣẹ́ tó bá ti pẹ́, èèyàn tuntun tún máa ń jẹ́ kó pẹ́ sí i ni. Fred Brooks tó darí iṣẹ́ OS/360, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ńlá IBM, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1975. Ta ló máa kọ́ wọn ní kóòdù yẹn? Ìwọ náà ni. Ọjọ́ tó o bá ń kọ́ wọn, o ò ní lè ṣe tìẹ.

Òjòó Dev:
Ẹ̀gbọ́n Bàbá Sáfà, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ 1992 ni Cocoa House yẹn tó padà ṣiṣẹ́. Ọdún méje! Ta ló fẹ́ lo ọdún méje nídìí kóòdù ẹlòmíì? Ọmọ Àpáta, gbọ́ ti ìyàwó ẹ. Mo bá irú ọ̀gá báyìí ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, èèyàn dáadáa lòun náà, ó máa ń bá mi ra oúnjẹ, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Kò sí òru tí kì í pè mí. Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé tí fóònù bá ti dún, kì í ṣe tèmi pàápàá, fóònù ẹni tó jókòó tì mí nínú máíkírà lásán, àyà mi á já. Nígbà tí mo dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ mi ti ru, mi ò tíì pé ọdún 34. Kóòdù yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, ẹlòmíì ló ń bá a fà á. Kọ́kọ́ wáṣẹ́ míì ná o, má fibínú kúrò, àmọ́ kúrò.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Àbúrò mi, òótọ́ lọ̀rọ̀ Òjòó, ìlera lọ́rọ̀. Àmọ́ tọ́la náà ìyálọ́jà kan á tún tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta, yálà o wà níbẹ̀ tàbí o ò sí níbẹ̀, torí náà jẹ́ ká kọ́kọ́ dí ihò yẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, ọjọ́ méjì ni. Bí ojú ìwé ìdáwó bá ṣe ń ṣí, kí áàpù ti ṣẹ̀dá ID kan tí kò jọ tẹnì kankan. Ìgbà tó ń ṣí ni mo wí o, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì. Kí ID yẹn máa bá owó náà lọ sí sáfà, kó o sì sọ ọ́ di unique nínú dátábéèsì, kí ID kan náà má lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ID kan náà ló máa dé, dátábéèsì á gba ọ̀kan á kọ mẹ́sàn-án, èsì ti àkọ́kọ́ ni kó o sì dá padà fún wọn.

Ohun kejì, lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó níbẹ̀. Tó bá jẹ́ float, nọ́ńbà onídẹ́símà tí kọ̀ǹpútà kì í lè tọ́jú rẹ́gí nígbà gbogbo, orí ẹ máa fọ́ lọ́jọ́ kan. Ṣí console bíráwúsà ẹ, ibi tá a ti ń dán kóòdù wò, tẹ 0.1 + 0.2, wàá rí 0.30000000000000004. Kọ́bọ̀ ni kó o fi máa tọ́jú ẹ̀, odidi nọ́ńbà, ₦5,000 á jẹ́ 500000, ìgbà tó o bá fẹ́ fi han èèyàn ni kó o tó pín in. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ₦1 kan rí torí ọ̀rọ̀ yìí, akáńtáǹtì wa ò jẹ́ kí n gbádùn, ó dúró lé mi lórí pé ìwé òun ò bára mu.

Mo tún mọ̀ pé orúkọ àwọn oníbàárà yín máa ní àmì. Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí torí ó máa ń dùn mí. Kò sí ẹ̀ tàbí ọ́ tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ wà lọ́tọ̀, àmì orí ẹ̀ wà lọ́tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù fóònù kan á fi í ránṣẹ́ lọ́nà kan, òmíì á pín in sí mẹ́ta, lójú wa bákan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà èèyàn méjì ni. A ní ìyá kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a wá a títí a ò rí i, ìyá ń sunkún ní kọ́ńtà pé wọ́n ti kó owó òun lọ. Ẹ sọ gbogbo orúkọ di NFC, ìyẹn ọ̀nà kíkọ kan náà fún gbogbo wọn, kó tó wọ dátábéèsì. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ àmì kúrò, orúkọ wọn ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sángo:
Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe máa kọ tẹ́ẹ̀sì fún kóòdù tí kò yé e?

Bàbá Sáfà:
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn ọmọ mi. Kò dìgbà tó bá yé ẹ. Fún un ní ₦5,000 kó o wo ohun tó máa dá padà, kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, kódà tó bá jọ pé kò dáa. Fún un ní òdo, kọ ọ́ sílẹ̀. Fún un ní owó tó ju èyí tó wà lọ́wọ́ oníbàárà lọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó o bá ti ní bí ogún irú ẹ̀, o lè máa fọwọ́ kan nǹkan nínú ilé, tí ohunkóhun bá ṣubú wàá gbọ́ ariwo ẹ̀ lọ́sàn-án, kò ní jẹ́ lóru.

Alájà Ring Road:
Èmi ò kọ kóòdù o, irú ọ̀gá tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí lèmi náà, ọmọ márùn-ún ló ń bá mi ṣe áàpù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lápá ọ̀dọ̀ wa. Tí ọmọ mi bá wá sọ fún mi pé kóòdù ti bàjẹ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe, torí áàpù ń ṣiṣẹ́ lójú mi. Àmọ́ ọ̀kan nínú wọn wá bá mi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú pépà ẹyọ kan. Ó kọ gbogbo ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ lóṣù yẹn síbẹ̀, iye oníbàárà tó bínú lọ, iye wákàtí tí wọ́n fi tún un ṣe, ó wá ní "ẹ fún mi ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, mo máa dín èyí kù." Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo fún un, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tuntun dí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bọ̀dá Ọmọ Àpáta, oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ bèèrè yẹn, owó oṣù èèyàn mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta ni lójú ọ̀gá yín, oníbàárà ò sì ní rí nǹkan tuntun kankan. Èmi náà máa ní rárá. Ẹ má sì tún un kọ lóru láìsọ o, ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá a jẹ.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Alájà sọ òótọ́. Ọmọ Àpáta, mo gbàgbé ohun kan, ṣé o ti lọ wo ìyá aláta yẹn rí níbi tó ti ń lo áàpù yín? Bódìjà lẹ wà, ẹ̀ ń bẹ nítòsí ọjà. Lọ dúró tì í.

Ọmọ Àpáta:
Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín, mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tọ́jú ti Òjòó Dev sọ́kàn, mo ti ń tún CV mi ṣe, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo ṣe pépà tí Alájà wí, ọjọ́ mẹ́fà ni nǹkan bàjẹ́ lóṣù yìí nìkan, èmi gan-an ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kà á, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n máa mú Ọjọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ IT, ó ní òun ṣì ń rò ó.

Mo lọ sọ́jà láàárọ̀ yìí. Mo ra ata lọ́wọ́ ìyá náà, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, ó kọ́kọ́ bínú, ó wá ní kí n jókòó sórí àpótí. Mo ní kó dá owó kí n wò ó. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró ẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́tìnnì yẹn ò yí àwọ̀ padà rárá! Bó ṣe rí kó tó tẹ̀ ẹ́ náà ló rí lẹ́yìn tó tẹ̀ ẹ́. Lórí Wi-Fi ọ́fíìsì wa, ojú ìwé kejì máa ń yára ṣí débi pé a ò rí i rí, àmọ́ nínú ọjà yẹn mo ka ìṣẹ́jú àáyá 7 kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé o rí i? Ṣé ó gbọ́ mi àbí kò gbọ́?" Ó ti fẹ́ tún un tẹ̀, mo bá yára di fóònù mú.

Mo ti padà sí ọ́fíìsì báyìí, ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yẹn ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, ID tí Ìyá Ìbejì wí ló kàn. Bàbá Sáfà, tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀, ₦5,000, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò tíì kọjá. Tó bá kọjá lálẹ́ òní, mo máa kọ ọ́ síbí.