Bàbá Ìbejì tó ṣe sójà Amẹ́ríkà ti kú, ṣé mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í san property tax (owó orí ilé) ni?

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá Ìbejì ṣe sójà fún Amẹ́ríkà, wọ́n lọ Ìráàkì, ẹ̀yìn àti orúnkún wọn ò dáa mọ́ látìgbà tí wọ́n ti dé, VA, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn sójà fẹ̀yìntì, wá kọ ọ́ fún wọn pé ìpalára tí iṣẹ́ sójà fà jẹ́ 100%, àtìgbà yẹn la ò ti san kọ́bọ̀ property tax lórí ilé tá à ń gbé. Wọ́n ti papòdà báyìí. Lọ́sẹ̀ yìí lẹ́tà dé pé kí n wá kọ fọ́ọ̀mù lórúkọ èmi fúnra mi, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ní ẹ̀tọ́ wọn ti bá wọn lọ, pé kí n tètè máa wá owó. Mi ò rí oorun sùn. Ilé náà ti tóbi jù fún mi pẹ̀lú, mo fẹ́ tà á kí n lọ ra kékeré nítòsí ọmọ mi ní Dallas.

Sójà Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ará fẹ́ra kù mà, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀tọ́ yẹn ò bá wọn lọ. Ní Texas níbí, 2009 ni owó orí ilé ti kúrò lọ́rùn sójà tí VA bá fún ní 100%, nígbà tó di 2011 aráàlú dìbò pé kó kan opó wọn náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Tó bá jẹ́ inú ilé yẹn lẹ jọ ń gbé nígbà tí wọ́n kú, tẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì tíì lọ́kọ míì, tiyín ni. Fọ́ọ̀mù 50-114 ni, appraisal district, ọ́fíìsì tó ń dá iye lé ilé, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ o, kì í ṣe VA. Ẹ mú lẹ́tà VA dání, sàtífíkéètì ikú, ti ìgbéyàwó, àti ID Texas tí àdírẹ́sì ilé yẹn wà lára ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó bá yín kọ ọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Àbẹ̀kẹ́ DFW
Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ta ilé yẹn! Ẹ kọ́kọ́ gba ti orúkọ yín ná, torí iye dọ́là tí wọ́n bá yọ kúrò nínú iye ilé fún ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí opó lórí ilé yìí lọ́dún tó gbẹ̀yìn lẹ máa gbé lọ sí ilé tuntun. Ká ní $280,000 ni wọ́n yọ, tẹ́ ẹ wá ra ti $340,000, orí $60,000 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n á ti ṣírò owó orí. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kó, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ́fíìsì ti Houston, òun lẹ máa fi han ti Dallas.

Àǹtí Katy
Mo fẹ́ fi kún ti ọkọ míì yẹn, torí mo ti rí ẹni tó kó sí i. Àwa rò pé kọ́ọ̀tù nìkan ni ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tẹ́ ẹ lọ ṣe ní Ìbàdàn, ìgbéyàwó ni lábẹ́ òfin. Kódà ní Texas, tẹ́ ẹ bá gbà láàárín ara yín pé ẹ ti di tọkọtaya, tẹ́ ẹ jọ ń gbé, tẹ́ ẹ sì ń pe ara yín bẹ́ẹ̀ fáyé gbọ́, ó lè di ìgbéyàwó láìsí ìwé kankan. Mi ò ní kẹ́ ẹ dá wà o mà, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n kó tó dé.

Bísí
Tí kò bá pé 100% ńkọ́? 70% ni wọ́n kọ fún ọkọ mi.

Sójà Fẹ̀yìntì
Bísí, ẹni tó wà ní 70%, $12,000 ni wọ́n ń yọ kúrò nínú iye tí wọ́n dá lé ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà yẹn dáadáa, tí VA bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpalára náà ò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ mọ́, individual unemployability, bíi 100% ni Texas ṣe ń kà á.

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti rí lẹ́tà VA, inú Bíbélì wọn ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Mọ́ńdè ni mo ń gbé fọ́ọ̀mù lọ, mo ti sọ fún ọmọ mi pé ká dá ọ̀rọ̀ ilé títà dúró ná.