Ríìmù àlọ́ì tòkunbọ̀ tó ń jo: ibi tó parí sí

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Mo béèrè ohun tó ń fa á tí táyà orí ríìmù àlọ́ì tòkunbọ̀ fi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìṣó ò gún un. Ó ti yanjú.

Iyọ̀ ni. Ní Kánádà àti Jámánì, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Bí fánísì ríìmù bá ti bó, omi iyọ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun, ìyẹn ìpẹtà, á máa hù. Tó bá dé etí inú tí táyà jókòó lé, afẹ́fẹ́ á máa gbabẹ̀ jáde. Wọn kì í da iyọ̀ sójú títì ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìpẹtà tó ti bẹ̀rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ fi omi ọṣẹ pa etí ríìmù yí ká. Ibi tó bá ń hó wẹ́wẹ́, ẹ sàmì síbẹ̀. Kí fọkanáísà tú táyà. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ha á, lẹ́yìn náà 240 tó kúnná jù ú lọ, kẹ́ ẹ ha kọjá ibi tí fánísì ti wú. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì wáyà onírin: èérún rẹ̀ á há sára àlùmínọ́ọ̀mù, ìpẹtà á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ délẹ̀, kẹ́ ẹ fọ́n práímà epoxy (ọ̀dà ìpìlẹ̀) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, kó di ọjọ́ kejì. Ẹ pààrọ̀ fáàfù rọ́bà pẹ̀lú.

Ẹni tó dábàá pé ká fi omi bátìrì fọ ìpẹtà náà, ẹ jọ̀ọ́, ásíìdì ni. Á jẹ ríìmù náà ni. Ríìmù tó bá sì ti sán, ẹ má jó o ní wẹ́dà, ẹ pa á tì.

Nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ Corolla, 103 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) ni. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí 80 kìlómítà.